Ipa Ààyè Orí Àwo Lórí Ìhun àti Àwòrán Fíìmù Àgbéléwò Yorùbá

Lámèyítọ́ fíìmù àgbéléwò Yorùbá sábà máa ń di ẹ̀bi ru olùdarí bí ìtàn bá dédé já ní ìparí Apá Kìíní, tàbí bí àwòrán bá ṣe bàìbàì. Ṣàṣà ni ẹni tí ń yẹ àwo tí ó fi wo fíìmù náà wò. Àlàfo ńlá ni èyí, nítorí pé ohun èlò tí ó gbé ìtàn jáde ní òdiwọ̀n tirẹ̀, òdiwọ̀n náà a sì máa ní ipa lórí iṣẹ́ ọnà.

Ọdún 1993 ni wọ́n fi ìlànà VCD lélẹ̀. Àwo kan kò gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 74 sí 80 lọ, nítorí pé iye tí ó ń ná lórí àwòrán ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, mẹ́gábíìtì 1.15, kò ṣe é dín kù. Olùdarí tí fíìmù rẹ̀ gba ìṣẹ́jú 100 ní láti gé e kúrú tàbí kí ó pín in sí àwo méjì. Lọ́pọ̀ ìgbà, ibi tí àwo bá kún sí ni ìtàn ń já sí. Síbẹ̀, kì í ṣe gbogbo ìpín ni ẹ̀bi àwo: apá mẹ́ta ni Ti Olúwa Nilẹ̀ (1993) ti Túndé Kèlání ní, kí VCD tó gbòde nílẹ̀ Nàìjíríà.

Ọ̀rọ̀ DVD yàtọ̀. Èyí tí ó wọ́pọ̀ gba jígábáìtì 4.7, ẹni tí ń ṣe é ni yóò sì pinnu bí yóò ṣe ná an. Bí ó bá fi wákàtí méjì sí i, ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan yóò rí nǹkan bí mẹ́gábíìtì 5.2 gbà fún àwòrán àti ohùn. Ṣùgbọ́n bí ó bá kó fíìmù mẹ́jọ oníwákàtí kan ààbọ̀ sórí àwo kan ṣoṣo, bí àwọn oníṣòwò kan ti ṣe, wákàtí 12 nìyẹn. Ìpín ìṣẹ́jú àáyá kan kò ní pé mẹ́gábíìtì 0.9. Ó kéré sí ti VCD tí wọ́n ní DVD borí. Omi ni wọ́n bù sí ọbẹ̀. Ìkòkò kò tóbi sí i.

Ohun tí ó bá ń yára mira ni ó kọ́kọ́ ń bàjẹ́. Aṣọ egúngún tí ń jó a di igun mẹ́rin wẹ́wẹ́, ìran òru a ṣú pátápátá, pélé ẹ̀rẹ̀kẹ́ òṣèré a sì pòórá. Ohùn náà kò mórí bọ́: ìró tí ó ga tí ó sì tínrín ni ìfúnpọ̀ kọ́kọ́ ń gé dànù. Nínú Ṣaworoidẹ (1999), ìlù tí a so ṣaworo mọ́ ni ìtàn rọ̀ mọ́. Ẹ̀dà tí ìró ṣaworo bá ti kú nínú rẹ̀ ti pàdánù apá kan ìtàn. Fíìmù tí ó jẹ́ kìkì ìjókòó sọ̀rọ̀ nínú pálọ̀ kò ní jìyà tó bẹ́ẹ̀, irú rẹ̀ sì pọ̀ jọjọ.

Ìdí nìyí tí àwo méjì tí ó mọ́ fi sàn ju ẹyọ kan tí a fún mọ́ra lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé iye fíìmù ni òǹrajà ń kà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ń kọ àpilẹ̀kọ lórí àwòrán inú fíìmù gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ irú àwo tí ó wò àti iye fíìmù tí ó wà lórí rẹ̀, kí ó má baà fi iṣẹ́ ẹni tí ó da fíìmù sórí àwo dá olùdarí lẹ́jọ́. Ọ̀ràn yìí le jù nínú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, níbi tí àwo olówó pọ́ọ́kú ti lè jẹ́ ẹ̀dà kan ṣoṣo tí ó wà. Bí ẹ̀dà àkọ́kọ́ bá sì ti sọnù, gbígbé irú àwo bẹ́ẹ̀ sórí YouTube lónìí kò lè dá ohun tí wọ́n ti yọ kúrò padà.