Ọmọ Ta Ni Naruto?

Sídíì tí mo fi mọ Naruto kò ní ìparí. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló rà á ní Fọlá Agoro, lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó máa ń to sídíì sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Mi ò tíì pé ọmọ ọdún méje nígbà náà. Àwòrán ọmọkùnrin onírun yẹ́lò kan wà lára páálí rẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé gbogbo ìtàn náà ló pé sínú rẹ̀. Irọ́ ni. Tí ìjà bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ wọra, àwòrán á dúró gbagidi, á wá já wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Ẹ̀gbọ́n mi á yọ ọ́, á fi ẹ̀wù nù ún, á tún fi í sí i. Nígbà mìíràn ó máa ń ṣiṣẹ́. Nígbà mìíràn NEPA á ti mú iná lọ.

Bí ọ̀pọ̀ nínú wa ní Bàrígà àti Ṣómólú ṣe bá anime pàdé nìyẹn, ìyẹn eré àwòrán àwọn ará Japan. Àwa kọ́ la wá a lọ. Láti ọwọ́ ẹnì kan ló ti ń bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Lẹ́yìn sídíì ni àwọn tó ń kó fíìmù sínú mẹ́mórì fóònù dé. Ẹni tó bá lówó á sanwó, ẹni tí kò bá ní á dúró de ọ̀rẹ́ rẹ̀ kó fi Xender fi í ránṣẹ́ ní kíláàsì kí olùkọ́ tó wọlé. Apá kẹta lè tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́ ṣáájú apá kìíní. Èyí tó bá sọnù láàárín, ẹnu la fi ń dí i. Mo ní ọ̀rẹ́ kan tó máa ń sọ ìtàn apá tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò rí, tó sì máa ń fi tọwọ́tẹsẹ̀ ja ìjà rẹ̀ fún wa. Nígbà tí mo wá rí apá náà gan-an lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, tọ̀rẹ́ mi dùn jù ú lọ.

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi lórí Naruto ti bẹ̀rẹ̀. Ìtàn tí a fẹ́ràn kì í ṣe odindi ìtàn tí Masashi Kishimoto kọ. Ìdajì rẹ̀ la fẹ́ràn, lójú tèmi, ìdajì yẹn sì sàn ju odindi lọ.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ọdún 1999 ni Kishimoto bẹ̀rẹ̀ sí tẹ ìtàn yìí jáde nínú Weekly Shōnen Jump, ìwé ìròyìn ọlọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ ní Japan, ó sì parí rẹ̀ lọ́dún 2014 lẹ́yìn ìpín 700. Irú ìwé àwòrán bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè ní manga. Inú rẹ̀ ni wọ́n ti yọ anime: apá 220 lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà apá 500 mìíràn tí wọ́n pè ní Shippuden. Ọmọ òrukàn ni Naruto ní ìlú Konoha. Lọ́jọ́ tí wọ́n bí i, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ onírù mẹ́sàn-án kan kọlu ìlú náà, ó ń pa ènìyàn. Hokage, ẹni tí a lè pè ní baálẹ̀ wọn, ti ẹranko náà mọ́ inú ọmọ jòjòló yìí, òun náà sì kú. Láti ìgbà náà ni àwọn àgbàlagbà ti ń yẹra fún Naruto. Òun fúnra rẹ̀ kò mọ ohun tó ṣe.

Ẹni tó bá ti sọ fún àlejò rí pé Bàrígà lòun ń gbé mọ bí ìyẹn ṣe máa ń rí. Lọ́dún tó kọjá, a lọ ṣe ìdíje ìmọ̀ ní àdúgbò mìíràn ní Èkó. Èmi àti ọmọbìnrin kan láti ilé ẹ̀kọ́ mìíràn jọ jókòó, à ń sọ̀rọ̀, à ń rẹ́rìn-ín, ló bá bi mí níbi tí mò ń gbé. Mo sọ fún un. Kò bú mi o. Ó kàn gbé báàgì rẹ̀ kúrò láàárín wa, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kejì, ó sì ń rẹ́rìn-ín nìṣó. Ìròyìn ẹgbẹ́ òkùnkùn àti ìjà ìgboro ti dé etí rẹ̀ kí èmi tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Naruto ni mo rántí lórí ìjókòó yẹn, bó ṣe dá jókòó sórí jangirọ́fà rẹ̀ tí ó ń wo àwọn ọmọ yòókù pẹ̀lú òbí wọn.

Ibi tí Kishimoto ti mọ̀ ọ́n ṣe jù nìyẹn. Ojú lásán ló yà, ojú tí àwọn ènìyàn fi ń wo ọmọ náà, ó sì tó. Nígbà tí Iruka, olùkọ́ rẹ̀, fi ẹ̀yìn ara rẹ̀ gba ohun ìjà tí wọ́n jù sí i, ẹkún tí Naruto sun níbẹ̀ yé èmi ọmọ kékeré láìsí pé ẹnikẹ́ni túmọ̀ èdè fún mi.

Rock Lee tún wà níbẹ̀, ọmọ tí kò lè pa idán kankan, tó jẹ́ pé ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló ní. Neji náà wà níbẹ̀, ọmọ ìdílé ńlá tí wọ́n sàmì ẹrú sí níwájú orí, tó gbà pé àyànmọ́ kò gbóògùn: bí wọ́n bá ti bí ọ, bẹ́ẹ̀ ni wàá ṣe kú. Naruto tó ti fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mẹta nínú ìdánwò ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ló na Neji lójú gbogbo ìlú. Àwa Yorùbá kì í ṣe àjèjì sí àríyànjiyàn yìí. Ṣé orí tí a yàn lọ́dọ̀ Àjàlá ló ń gbéni débi tí à ń lọ ni, àbí ẹsẹ̀? Lójú àwa tí a jókòó sórí ẹní lọ́jọ́ náà, Naruto ti dáhùn. Ibẹ̀ gan-an sì ni sídíì ẹ̀gbọ́n mi parí sí.

Mo ti di ọmọ ọdún mẹ́rìnlá kí n tó rí ìyókù lórí fóònù. Mo fo ọ̀pọ̀ apá tí kò sí nínú manga, tí wọ́n kàn fi ń fa àkókò gùn. Kò sóhun tí mo pàdánù. Mo bínú díẹ̀ sí bí wọ́n ṣe fi Sakura ṣe ẹni tí kì í ṣe ju kó dúró kó máa pe orúkọ àwọn ọkùnrin. Ṣùgbọ́n ohun tó dùn mí jù ni ti bàbá. Ó wá jẹ́ pé Hokage tó kú lọ́jọ́ yẹn ló bí Naruto. Ìdílé alágbára ni ìyá rẹ̀ náà ti wá. Kò tán síbẹ̀: nígbà tí ogun ńlá dé, wọ́n ní àtúnwáyé Ashura ni, ọmọ ẹni tó fi idán wọn lélẹ̀ látètèkọ́ṣe. Neji kú nínú ogun kan náà, níbi tó ti fi ara rẹ̀ dí ikú lọ́nà fún Naruto. Rock Lee di ẹni tí wọ́n fi ń pa wá lẹ́rìn-ín. Ta ló wá jàre nínú àríyànjiyàn ọjọ́sí? Neji ni. Kishimoto dá a láre, mi ò sì rò pé ó mọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi kò gbà fún mi. Ó ní bàbá tó ti kú kò fún ọmọ lóúnjẹ, pé ìyà tí Naruto jẹ ṣì jẹ́ ìyà. Ó ní ìtàn tiwa náà ńkọ́? Àfùwàpẹ́ àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì jọ lọ yan orí, tirẹ̀ nìkan ló dára, ọmọ Ọ̀rúnmìlà sì ni. Mo ronú sí èyí pẹ́, nítorí òótọ́ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn Àfùwàpẹ́ ni wọ́n ti sọ ọmọ ẹni tí í ṣe fún wa. Kò sẹ́ni tó kọ́kọ́ mú un jókòó tì wá bí ẹlẹgbẹ́ wa, kó tó wá bọ́ ẹ̀wù kó fi adé hàn wá.

Kì í ṣe Japan nìkan ló ń ṣe é. Nígbà tí Iyanu, ìwé àwòrán Roye Okupe tí Dark Horse tẹ̀ jáde lọ́dún 2021, di eré lórí Cartoon Network ní oṣù kẹrin ọdún 2025, inú mi dùn gan-an. Orúkọ wa àti aṣọ wa ló wà níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èdè Òyìnbó ni wọ́n ń sọ. Ọmọ òrukàn ni Iyanu náà, òun náà sì ní agbára tí ọmọ ènìyàn lásán kò ní. Mo ṣì ń dúró de ọmọ òrukàn tó jẹ́ ọmọ òrukàn, kó tán síbẹ̀.

Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni bàbá mi ń ṣe ní Ṣómólú. Mo mú ìwé kìíní Naruto tí mo yá lọ́wọ́ ọmọ kíláàsì mi lọ fi hàn wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n ṣí i, wọ́n ní ẹni tó di ìwé yìí ti ba iṣẹ́ oníṣẹ́ jẹ́, ẹ̀yìn ló fi ṣíwájú. Mo ṣàlàyé pé apá ọ̀tún ni wọ́n ti ń kà á ní Japan. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n fi ìka pa ojú pépà náà, wọ́n ní yíǹkì dúdú nìkan ni, pépà rẹ̀ kò sì wọ́n, pé kò sóhun tó le níbẹ̀ tí àwọn kò lè tẹ̀. Wọ́n ní ó jọ Atọ́ka, ìwé ìròyìn Yorùbá tó ń fi fọ́tò ṣe eré, èyí tí ìyá wọn máa ń kà. Wọ́n wá ní kí n sọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Mo sọ ti kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀, mo sọ ti jangirọ́fà, mo sọ ti Iruka, mo sọ ọ́ títí dé ibi tó ti na Neji, mo sì dúró síbẹ̀. Bàbá mi pa ẹ̀rọ tó wà níwájú wọn.

“Ọmọ ta ni ọmọ náà gan-an?”

Mo ní, “Wọn ò sọ, sà.”