Ta Ló Kù Sílé? Bí A Ṣe Tún Ìlọsíwájú Èrò Mímọ́ Kà

Ibì kan wà nínú ìwé John Bunyan tí àwa ọmọ ilé wa kì í lè kà kọjá láìdúró. Ìbẹ̀rẹ̀ ìwé náà gan-an ni. Ọkùnrin kan ti mọ̀ pé iná máa jó ìlú tí òun ń gbé, ẹrù ńlá kan sì wà lẹ́yìn rẹ̀ tí kò lè sọ̀ kalẹ̀. Ajíhìnrere nawọ́ sí ọ̀nà tó yẹ kó gbà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀ rí i, wọ́n kígbe pé kó padà. Kí ni ọkùnrin yìí ṣe? Ó fi ìka di etí méjèèjì, ó ń pariwo pé ìyè àìnípẹ̀kun lòun ń wá lọ, kò sì bojú wẹ̀yìn.

Bí ẹ bá dàgbà nínú ṣọ́ọ̀ṣì bíi tiwa, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti gbọ́ ìtàn yìí nínú ìwàásù, kí wọ́n sì ti fi ọkùnrin náà ṣe àwòkọ́ṣe fún yín. Tiwa kọjá ìwàásù. Bàbá wa ṣe é. Ọdún tí ẹ̀gbọ́n wa wọ JSS 1 ni bàbá fiṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n ní ohun ayé ti sú àwọn, ohun tí kì í ṣá ni àwọn fẹ́ gbájú mọ́, ni wọ́n bá kó lọ sórí òkè àdúrà. Wọ́n máa ń wálé lẹ́ẹ̀kan lóṣù, nígbà míì lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta. Màmá wa ń ta ìrẹsì àti ẹ̀wà lẹ́bàá títì, ibẹ̀ ni owó iléèwé àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti jáde. Ẹ̀dà Ìlọsíwájú Èrò Mímọ́ kan tí èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ ti já wà lórí tábìlì ní pálọ̀. Bàbá ti fi báírò pupa fàlà sábẹ́ ibi ìka-nínú-etí yẹn, ìlà méjì. A ò sọ eléyìí láti fi wọ́n ṣẹ̀sín. Wọ́n ti sùn báyìí, a sì fẹ́ràn wọn. A sọ ọ́ kí ẹ lè mọ̀ pé tí a bá ń bi ìwé yìí ní ìbéèrè, eré kọ́ là ń ṣe.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ irú ìwé tó jẹ́. Bunyan, ará Bedford nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó ń tún ìkòkò àwọn aráàlú ṣe kó tó di oníwàásù, ló kọ ọ́. Apá kìíní jáde ní 1678. Ní àwọn ọdún 1860, David Hinderer, ọmọ ilẹ̀ Jámánì tí ẹgbẹ́ CMS rán wá sí Ìbàdàn, túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá. Ìyẹn ni pé àwọn èèyàn wa ti ń ka Èrò Mímọ́ kí odindi Bíbélì Yorùbá tó jáde ní 1884. (Orúkọ tí a ó máa fi pe àwọn èèyàn inú rẹ̀ níhìn-ín, tiwa ni. Ẹ má bi Hinderer.)

Kí ló mú kí ìwé òyìnbó yìí wọ̀ wá lára tó bẹ́ẹ̀? Lójú wa, òwe ló ṣáájú rẹ̀ dé. Kí Hinderer tó gbé gègé rárá, Yorùbá ti ń sọ pé ayé lọjà, ọ̀run nilé. Nígbà tí Bunyan wá kó ọ̀nà, ọjà, odò àti ìlú tó wà lókè odò dé, kò sí èyí tó ṣàjèjì nínú wọn. Àmọ́ ẹ wò ó dáadáa, ọjà méjèèjì yàtọ̀ síra. Ọjà inú òwe wa kò burú. Ẹni tó mọ̀ pé òun ń lọ sílé lálẹ́ kì í torí ẹ̀ da igbá rẹ̀ nù láàárọ̀. Ó máa pàtẹ, ó máa ná, ó máa jèrè, ohun tó bá rà ni yóò gbé wálé. Ọjà Asán ti Bunyan ńkọ́? Àwọn ẹ̀mí èṣù ló dá a sílẹ̀. Wọ́n ń ta ilé níbẹ̀, wọ́n ń ta ilẹ̀, wọ́n ń ta oyè àti ìjọba, wọ́n sì ń ta ọkọ, ìyàwó àti ọmọ pa pọ̀ mọ́ wúrà àti fàdákà. Bẹ́ẹ̀ ni, ìyàwó àti ọmọ wà lórí àtẹ. Nígbà tí Onígbàgbọ́ àti Olóòótọ́ ẹnìkejì rẹ̀ ní òtítọ́ nìkan làwọn ń rà, wọ́n tì wọ́n mọ́ inú àgò, wọ́n sì sun Olóòótọ́ níná.

Síbẹ̀, ohun kan wà níbẹ̀ tí àwọn oníwàásù wa kì í sọ. Bunyan ò ní ká yẹra fún ọjà yẹn. Ó ní ọ̀nà ìlú ọ̀run gba àárín ọjà kọjá, pé ẹni tó bá fẹ́ débẹ̀ láìgba inú ọjà, àfi kó jáde kúrò nínú ayé pátápátá. Ọba ìlú náà fúnra rẹ̀ gba ibẹ̀ kọjá rí. Kò sí orí òkè kankan tí èèyàn lè gbà yẹ̀ ẹ́.

Ká má parọ́, tó bá kan ohun ayérayé, ọwọ́ Bunyan dán. Nílé Olùtumọ̀, Onígbàgbọ́ rí ọmọ méjì tó jókòó sórí àga. Ìwàǹwára ń fẹ́ tirẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Sùúrù jókòó jẹ́ẹ́. Wọ́n da àpò ìṣúra kan sílẹ̀ fún Ìwàǹwára, ó fi Sùúrù rẹ́rìn-ín, kò sì pẹ́ tó fi ná an tán, ó ku àkísà. Nínú apá kejì, nílé kan náà, ọkùnrin kan wà tó ń fi réèkì wa pàǹtí àti koríko jọ. Kò gbójú sókè. Bẹ́ẹ̀ ẹnì kan dúró lókè orí rẹ̀ tó fẹ́ fi adé ọ̀run gba réèkì náà lọ́wọ́ rẹ̀. A rí ara wa níbẹ̀: ọrùn tó tẹ̀, ojú tó wà nílẹ̀, àtàǹpàkò tó ń fa nǹkan sókè sódò lójú fóònù ní aago méjì òru. Ohun tó wú wa lórí nínú àwòrán yìí ni pé kò sí ẹ̀ṣẹ̀ kankan nínú koríko. Wọn ò mú ọkùnrin náà níbi tó ti ń jalè. Iṣẹ́ ló ń ṣe. Ọrùn rẹ̀ ni kò nà mọ́.

Ti ọ̀gbẹ́ni Tèrèlàkọ́kọ́, tó ń bá ẹ̀sìn rìn nígbà tí ẹ̀sìn bá wọ bàtà fàdákà, ẹ ò nílò kí àwa ṣàlàyé ìyẹn. Ẹ kúkú ń wo tẹlifíṣàn.

Ká padà sórí ọ̀rọ̀ ìka. Àwọn tó ń gbèjà Bunyan yóò ní àpèjúwe ni, pé ìyípadà ọkàn ló fi wé ìrìn-àjò, pé ọkùnrin náà lè máa sùn nílé lálaalẹ́ kó sì ti kúrò ní Ìlú Ìparun nínú ọkàn rẹ̀. A gbà. Ṣùgbọ́n àwòrán máa ń lágbára ju àlàyé lọ. Bàbá wa ò fàlà sábẹ́ àlàyé.

Àwòrán náà sì rìn jìnnà. Ó ti pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ti ń sọ pé D. O. Fágúnwà tọ́ ọbẹ̀ Bunyan wò. Ẹ wo Kàkó nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tó jáde ní 1938. Nígbà tí àwọn ọdẹ fẹ́ gbéra lọ sí Òkè Láńgbòdó, obìnrin tí Kàkó ń bá gbé dì mọ́ ọn, kò fẹ́ kó lọ. Kàkó yọ àdá, ó pa á, ó sì bá ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Nígbà tí a wà ní kékeré, ńṣe la máa ń kà á kọjá bí ẹni pé ẹran ni wọ́n pa. Akọni ni Kàkó, ó tán. Ìyàtọ̀ wà o: nítorí ìlú wọn ni àwọn ọdẹ ṣe lọ, wọ́n sì ní in lọ́kàn láti padà wálé. Onígbàgbọ́ ò ní padà. Ṣùgbọ́n nínú ìwé méjèèjì, obìnrin tó ń bẹ̀bẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ gbé dínà fún akọni. A ò rò pé ó yẹ ká tún máa pàtẹ́wọ́ sí ìyẹn.

Nínú iṣẹ́ tiwa, àwa tí kóòdù ń bọ́, tí a bá rí àléébù nínú iṣẹ́ ẹlòmíì, a kì í tètè bú u. A máa kọ́kọ́ yẹ ìtàn fáìlì náà wò. Ṣé ẹni tó kọ ọ́ rí àléébù yìí? Ṣé ó padà wá tún un ṣe? Bunyan padà wá, lẹ́ẹ̀mejì.

Ìgbà àkọ́kọ́, ní Ààfin Ẹlẹ́wà, obìnrin kan tó ń jẹ́ Ìfẹ́ bi Onígbàgbọ́ bóyá ó ní ìdílé. Ó ní òun ní ìyàwó àti ọmọ mẹ́rin. Kí ló wá dé tí kò mú wọn dání? Ọkùnrin náà sunkún. Ó ní òun bẹ̀ wọ́n, òun gbàdúrà fún wọn, wọn ò gbà. Ìfẹ́ ò fi í sílẹ̀ bọ̀rọ̀, ó tún ń bi í bóyá ìwà rẹ̀ ló lé wọn sẹ́yìn. Ẹ gbọ́ ohun tó yà wá lẹ́nu: ìbéèrè yìí kò sí nínú ìwé náà nígbà tó kọ́kọ́ jáde. Nígbà tí wọ́n tún un tẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ní 1678 kan náà, ni Bunyan fi kún un. Bóyá òǹkàwé kan ló bi í. Bóyá ọkàn ara rẹ̀ ni.

Ọkàn rẹ̀ kúkú ní ìdí. Ní 1660 wọ́n mú Bunyan nítorí pé ó ń wàásù láìgba àṣẹ ìjọ tí ìjọba fọwọ́ sí. Ọdún méjìlá ló lò lẹ́wọ̀n, bẹ́ẹ̀ ó lè jáde tó bá ṣèlérí pé òun ò ní wàásù mọ́. Ní 1661, Elizabeth ìyàwó rẹ̀ lọ bẹ àwọn adájọ́. Ó sọ fún wọn pé ọmọ kéékèèké mẹ́rin wà nílẹ̀, ọ̀kan nínú wọn fọ́jú. Òun kọ́ ló bí wọn o, ìyàwó àkọ́kọ́ tó ti kú ló bí wọn. Àwọn adájọ́ ò tú ọkọ rẹ̀ sílẹ̀. Bunyan jókòó sẹ́wọ̀n, ó ń ṣe okùn bàtà tà kí ìdílé rẹ̀ lè jẹun. Nínú ìwé tó kọ nípa ayé ara rẹ̀ ní 1666, ó jẹ́wọ́ pé ìpínyà pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ dun òun dé eegun, ti ọmọ tó fọ́jú ló sì dùn ún jù.

Okùn bàtà yẹn ò kúrò lọ́kàn wa. Ọkùnrin tó kọ ìka-nínú-etí ò ráyè fi ìka di etí tirẹ̀, torí iṣẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ń gbọ́ igbe ilé rẹ̀, ó ń kọ̀ láti sẹ́ ohun tó gbà gbọ́, ó sì ń ṣe okùn. Ṣé okùn bàtà tó láti bọ́ ọmọ mẹ́rin? Elizabeth nìkan ló lè dáhùn. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ní ká fi ẹnì kan hàn nínú ọ̀rọ̀ yìí tó gbájú mọ́ ohun ayérayé, Bunyan inú ẹ̀wọ̀n la máa nàka sí, a ò ní nàka sí Onígbàgbọ́ tó ń sáré nínú pápá.

Ìgbà kejì tó padà wá, odindi ìwé ló kọ. Apá kejì jáde ní 1684. Kristiana, ìyàwó tó kù sílé, kó ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, òun àti ọmọbìnrin àdúgbò kan tó ń jẹ́ Àánú, wọ́n bọ́ sọ́nà. Àwọn alárìíwísí sábà máa ń sọ pé apá yìí ò gbóná tó ti àkọ́kọ́. Òótọ́ ni, kò sí eré sísá níbẹ̀. Ẹni tó ń fa ọmọ mẹ́rin lọ́wọ́ kì í sáré. Ọmọ kan jẹ èso ọgbà ọ̀tá, inú ń run ún, wọ́n ní láti wá oníṣègùn. Wọ́n dúró jẹun. Wọ́n ṣe ìgbéyàwó. Arọ tó ń fi ọ̀pá rìn dara pọ̀ mọ́ wọn, wọ́n sì ń rìn bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe mọ. Àánú ń rán aṣọ fún àwọn tálákà. Ọkùnrin kan tó rò pé ọjà ló ń rán an fún wá ń fẹ́ ẹ, nígbà tó gbọ́ pé ọ̀fẹ́ ni, ó bẹ́sẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. A rẹ́rìn-ín gan-an níbẹ̀. Níbi tí ìwé náà ti lọ́ra yìí ni ìyè àìnípẹ̀kun ti ní ara, tó ní abẹ́rẹ́ lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n a ṣì ní ẹjọ́ kan bá Bunyan ṣe. Ó jẹ́ kí Kristiana máa sunkún pé òun ṣẹ ọkọ òun, pé òun ló sé ọkàn le nígbà tó ń pè é. Ta ló ń bọ́ àwọn ọmọkùnrin mẹ́rin yẹn láti ọjọ́ tí bàbá wọn ti sá lọ títí di ọjọ́ tí lẹ́tà Ọba fi dé? Bunyan ò sọ ọ́ rí. Òun tí ó yẹ kó mọ̀ jù, òun tó ń ṣe okùn bàtà.

Ẹ̀dà tó wà lórí tábìlì wa kò ní apá kejì. Gẹ̀ẹ́sì la fi kà á, lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ sì ni. Lọ́jọ́ Sunday, a máa ń sọ ọ́ ní Yorùbá fún màmá wa lórí voice note, díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí a dé ibi tí Kristiana ti ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi, wọn ò fèsì títí di ọjọ́ kejì. Voice note tí wọ́n wá fi ránṣẹ́ ò ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá lọ: "Ẹ ní kó nujú. Ẹ bá mi bi í, kí ló ń tà?"

A lọ gbé ìwé bàbá wa wò lọ́sẹ̀ yẹn. Níbi tí Ìfẹ́ ti ń bi Onígbàgbọ́ nípa ìyàwó àti ọmọ rẹ̀, kò sí ìlà pupa kankan. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ṣẹ́ igun ojú ewé náà po, ó sì ti pẹ́, torí bí a ṣe fẹ́ nà án padà ló já sí wa lọ́wọ́.