Ọba So tàbí Ọba Kò So? Èrò Àwọn Òǹwòran lórí Eré Ìtàn Dúró Ládípọ̀

Ìbéèrè kan wà tí òǹwòran kì í yé bèèrè nígbàkigbà tí a bá gbé eré kalẹ̀ lórí ìtàn ẹni tí a gbà pé ó ti gbé ayé rí. Ìbéèrè náà ni pé: ṣé bẹ́ẹ̀ ni ó ṣẹlẹ̀ ní tòótọ́? Nígbà tí fíìmù Amadeus jáde ní 1984, èyí tí Miloš Forman darí láti inú eré tí Peter Shaffer gbé jáde ní 1979, ìbéèrè yìí ni àwọn tí ó mọ ìtàn orin ilẹ̀ Yúróòpù kọ́kọ́ gbé dìde. Fíìmù náà fi Salieri, olórin ààfin ní ìlú Vienna, hàn gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ìlara sún débi pé ó wá ikú Mozart, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹ̀rí kankan pé ó ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Inú bí àwọn kan. Àwọn mìíràn ní ohun tí ó wu ònkọ̀wé ni kí ó máa kọ, níwọ̀n ìgbà tí orin Mozart fúnra rẹ̀ bá ti ń dún létí àwọn. Bí ìjiyàn yìí ṣe le tó, nǹkan kan wà tí ìhà méjèèjì gbà láìsọ ọ́ jáde: pé ìtàn wà lọ́tọ̀, orin wà lọ́tọ̀, àti pé ènìyàn lè gba ọ̀kan kí ó kọ èkejì.

Irú ìjiyàn bẹ́ẹ̀ ti wà ní Òṣogbo ṣáájú ìgbà náà, lórí Ọba Kò So ti Dúró Ládípọ̀. Ṣùgbọ́n níbẹ̀, kò ṣeé ṣe láti ya orin sọ́tọ̀ kúrò lára ìtàn, nítorí pé inú orin gan-an ni ẹjọ́ náà wà. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ kí a yẹ èrò àwọn òǹwòran eré yìí wò, kí a má ṣe kà wọ́n sí ọ̀rọ̀ ẹnu lásán tí kò kan lámèyítọ́.

Ó dára láti rántí pé kì í ṣe lórí ìtàn ni àwọn ènìyàn ti kọ́kọ́ bá Ládípọ̀ jà. Olùkọ́ ilé-ìwé ni, olórin ṣọ́ọ̀ṣì ni pẹ̀lú, ọmọ ìjọ Àǹgílíkà. Ní 1961, ó ṣe orin Àjíǹde fún ìjọ ní Òṣogbo, ó sì fi ìlù ilẹ̀ wa sí i. Kò sí ẹni tí ó bá a jiyàn lórí ìtàn àjíǹde Jésù. Ìlù ni wọ́n takò. Ó ti di àṣà láàárín àwọn tí ń kọ̀wé lórí Ládípọ̀ láti fi àwọn alátakò wọ̀nyí ṣe ẹlẹ́yà gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ojú wọn kò tíì là. Irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ yá jù. Wọ́n lè ṣìnà nínú ìpinnu wọn, ṣùgbọ́n etí wọn kò ṣìnà. Wọ́n mọ̀ pé ìlù Yorùbá kì í kàn dún, pé ó ń sọ̀rọ̀, àti pé ọ̀rọ̀ tí ó ti sọ ní ojúbọ láti ọjọ́ pípẹ́ kì í kúrò lára rẹ̀ nítorí pé a gbé e wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Ohun tí àwọn alátakò yìí gbọ́ tí ẹ̀rù sì bà wọ́n ni Ládípọ̀ wá fi ṣe ìpìlẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀.

Ní 1962 ni ilé ọtí rẹ̀, Popular Bar, di Mbari Mbayo, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Ulli Beier. Ọ̀rọ̀ Ìgbò ni Mbari. Àwọn ará Òṣogbo ni ó fi etí Yorùbá gbọ́ ọ, tí wọ́n sì sọ ọ́ di ‘ǹ bá rí, ǹ bá yọ̀’. Kí a tó ṣí ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn náà dáadáa ni àwọn òǹwòran ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá ẹni tí ó ni ín ṣe iṣẹ́, etí ni wọ́n sì fi ṣe é.

Ìtàn inú Ọba Kò So kò ṣòro láti sọ. Akọni méjì ni Ṣàngó ní, Tìmì Àgbálé Ọlọ́fà-iná àti Gbọ̀nkáà Ẹ̀bìrì. Ogun àwọn méjèèjì ti sú ará Ọ̀yọ́, ọba sì rán Tìmì lọ sí Ẹdẹ kí ara lè tu ìlú. Tìmì di ọba ńlá níbẹ̀. A rán Gbọ̀nkáà láti lọ mú un bọ̀. Ọfọ̀ ni wọ́n fi bá ara wọn jà. Nígbà tí ọba ní kí wọ́n tún un jà lójú òun, Gbọ̀nkáà pa Tìmì, ó sì yíjú sí ọba fúnra rẹ̀. Ṣàngó fi Ọ̀yọ́ sílẹ̀, ó sì dé ìdí igi àyàn. Òpin eré kò sí níbi igi náà, nítorí pé lẹ́yìn rẹ̀ ni ohùn òrìṣà ti òkè wá, tí gbogbo ènìyàn sì kí i.

Ẹni tí ó bá gbé ìwé ìtàn Samuel Johnson, tí a tẹ̀ jáde ní 1921, lọ́wọ́ yóò rí ẹ̀sùn kan kà sí Ládípọ̀ lọ́rùn. Nínú ìwé náà, ìgbà Aláàfin Kórì ni Tìmì lọ sí Ẹdẹ, tí Gbọ̀nkáà sì lọ mú un. Kì í ṣe ìgbà Ṣàngó. Ládípọ̀ so ìgbà méjì pọ̀. Ẹ̀sùn yìí tilẹ̀ wúwo ní Òṣogbo ju ibòmíràn lọ. Johnson kọ ọ́ pé nítorí àwọn Ìjẹ̀ṣà tí ń yọ oníṣòwò lẹ́nu ni Aláàfin ṣe fi Tìmì sí Ẹdẹ, àti pé nígbà tí Ọwá Iléṣà gbọ́, òun náà fi Àtáọ́ja sí Òṣogbo láti kojú rẹ̀. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ìlú tí a ti dá eré yìí sílẹ̀ jẹ́ ìdáhùn Ìjẹ̀ṣà sí Tìmì. Àwọn ará Ọ̀yọ́ ti wá kún Òṣogbo láti ìgbà ogun ọ̀rúndún kọkàndínlógún, a sì mọ̀ pé ìtàn ibẹ̀ ṣì ń tọ́ka sí Ìpólé ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Iléṣà kò jìnnà sí i ju nǹkan bí 30 kìlómítà lọ. Nítorí náà, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí ó jókòó wo Ọba Kò So kò lè gbà pé ibi tí a kàn ń rán akọni tí ó ti di wàhálà lọ ni Ẹdẹ. Ẹnu odi ni lójú tirẹ̀. Ìbéèrè tí ó bá dìde lọ́kàn rẹ̀ nípa ọba tí ń rán ènìyàn lọ síbẹ̀ jẹ́ ìbéèrè ìṣèlú, eré náà kò sì dáhùn rẹ̀. Àléébù gidi ni èyí, kò sì yẹ kí ìfẹ́ tí a ní sí Ládípọ̀ mú kí a gbójú fò ó.

Síbẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ Kórì ni ó ń fa ìjà tí ó gbóná jù, bí kò ṣe ọ̀rọ̀ ìdí igi àyàn. Lójú adóṣù Ṣàngó, ẹni tí ó bá ní ọba so ti bú òrìṣà; ìtàn wọn ni pé àwọn tí ó kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀ ni ààrá sun ilé wọn. Lójú onítàn, ọba so. Àwọn ìránṣẹ́ rẹ̀ ni ó wá ọ̀nà láti bo ìtìjú náà. Eré tí ó gbé ọba dé ìdí igi tí ó sì tún jẹ́ kí a kí i ní òrìṣà dà bí ẹni tí ó fẹ́ tẹ́ ìhà méjèèjì lọ́rùn. Àwọn òǹwòran kan sì ti fi èyí bú u pé kò ní ìgboyà.

Ẹ jẹ́ kí a fetí sí gbólóhùn náà fúnra rẹ̀. Nígbà tí a bá sọ pé ‘ọba so’, ohùn òkè tí ó máa ń gun ẹ̀yìn olùwà yóò gbé ìparí ‘ọba’ sókè, tí yóò fi dún bí ‘ọbá so’. Nígbà tí a bá yí i sódì, ohùn òkè náà kò sí mọ́, ohùn ìsàlẹ̀ ‘kò’ ni a óò gbọ́. Láti èébú dé ìkíni, ohun tí ó yí padà kò ju pé ohùn tí ó gòkè wá sọ̀kalẹ̀. Wàyí o, Kòso tún jẹ́ orúkọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀. ‘Ọba Kòso’, ọba tí ó ni Kòso, àti ‘ọba kò so’ kò ní ìyàtọ̀ ohùn kankan, àfi fífà díẹ̀ tí ó máa ń bá ìparí ‘ọba’ nígbà tí a bá fi orúkọ ibi yán an, èyí tí ìyá ìlù tí ń sáré kì í fi bẹ́ẹ̀ dúró dè. Ẹni tí ó gbọ́ ọ lẹ́nu ìlù lè gbọ́ pé a ń kí ọba ní orúkọ ìlú rẹ̀. Ó sì lè gbọ́ pé a ń sẹ́ ikú rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó lè ní kí ó yan ọ̀kan, nítorí pé ìlù kò yàn. Àwọn tí ó bú Ládípọ̀ pé kò ní ìgboyà fẹ́ kí ó ṣe ìpinnu tí ohun-èlò rẹ̀ kò ní ṣe. Olórin ni, ó wá gbólóhùn tí ó lè gba onítàn àti adóṣù papọ̀ nínú ìró kan ṣoṣo, ó sì fi gbogbo eré náà rìn lọ bá a.

Ìwé kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Beier tẹ eré Ládípọ̀ mẹ́ta jáde ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 1964, Oba Koso ni wọ́n kọ, ọ̀rọ̀ méjì. Nígbà tí Ilé-ẹ̀kọ́ Ìmọ̀ nípa Ilẹ̀ Áfíríkà ti Yunifásítì Ìbàdàn tẹ odindi ọ̀rọ̀ rẹ̀ jáde ní 1972, láti ọwọ́ Armstrong, Awújọọ̀lá àti Ọláyẹmí, Ọba Kò So ni, ọ̀rọ̀ mẹ́ta. Ìpinnu ńlá ni àlàfo kan ṣoṣo yẹn. Inú téèpù ni àwọn tí ó ṣe iṣẹ́ 1972 ti kọ ọ́ sílẹ̀, a sì gbọ́dọ̀ yìn wọ́n fún ìtọ́jú tí wọ́n fún àmì ohùn. Ṣùgbọ́n ìwé yìí ni ó ti di eré náà fún akẹ́kọ̀ọ́. Ẹni tí kò gbọ́ bàtá rí, tí ó kà á nínú yàrá ìkàwé, yóò dé ìdí igi àyàn, yóò kọ ọ́ pé eré ọba tí ó pa ara rẹ̀ ni, yóò sì ka ìkíni ìparí sí àfikún. Aṣiṣẹ́ ìwé ni èrò bẹ́ẹ̀. A ò lè rí i lọ́wọ́ ẹni tí ó jókòó nínú gbọ̀ngàn, ìbáà ṣe ọmọdé.

Àwọn òǹwòran ilẹ̀ òkèèrè dúró sí ibòmíràn pátápátá. Eré náà dé Berlin ní 1964, ó sì dé ilẹ̀ Bírítéènì ní 1965 fún àjọ̀dún iṣẹ́-ọnà àwọn orílẹ̀-èdè Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀tì. Wọ́n gbà á tọwọ́-tẹsẹ̀. Ohun tí ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá lè yìn ni ijó, aṣọ pupa, ìró ìlù àti agbára Ládípọ̀ tí ó ṣe Ṣàngó, pẹ̀lú Abíọ́dún, ìyàwó rẹ̀, tí ó ṣe Ọya. Òtítọ́ ni gbogbo èyí. Ṣùgbọ́n igbe ẹlẹ́gàn àti igbe olùjọ́sìn kò lè ní ìyàtọ̀ létí irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ariwo kan náà ni. Ọ̀rọ̀ náà ‘ọ́pẹ́rà’ tí a fi lé eré yìí lórí ti mú kí a máa fi í wé ti Yúróòpù, níbi tí orin ti lè tayọ ọ̀rọ̀ kí ó sì fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Nínú Ọba Kò So, ọfọ̀ tí Gbọ̀nkáà fi mú Tìmì sùn kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a fi orin sí. Bí ohùn rẹ̀ bá yẹ̀, kò jẹ́ mọ́.

Nítorí èyí ni fíìmù Ṣàngó tí Ọbáfẹ́mi Lasode darí, tí Wálé Ògúnyẹmí sì kọ, èyí tí ó jáde ní apá ìparí àwọn ọdún 1990, fi yẹ kí a wò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́ eré yìí. Fíìmù náà ní aṣọ, ẹṣin, iná àti ààfin ju ohun tí Ládípọ̀ lè kó sórí pèpéle lọ. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀pọ̀ ìfọ̀rọ̀wérọ̀ inú rẹ̀. Ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí ó so àti ẹni tí kò so jìnnà sí ara wọn bí ilẹ̀ ti jìnnà sí ọ̀run. Kò sí ìró tí ó lè gbé méjèèjì. Òǹwòran fíìmù padà sí ìbéèrè Amadeus: ṣé bẹ́ẹ̀ ni ó ṣẹlẹ̀? Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni láti bèèrè, nítorí pé a kò fún un ní ohun mìíràn láti gbọ́.

Ládípọ̀ kú ní oṣù kẹta 1978. A máa ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ènìyàn títí di òní pé òjò àti ààrá ni ó sìn ín. Kò pọn dandan fún lámèyítọ́ láti gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń sọ ọ́ kì í sọ pé Ládípọ̀ kú. Wọn a ní Ṣàngó wọlẹ̀.