Ilé ajẹ́lẹ̀ ní Àgbádárìgì

Láti ọjà Àgbálátà ni mo ti gun ọ̀kadà lọ wo mùsíọ̀mù Àgbádárìgì. Ẹ̀yin tí mo kọ́ rí mọ̀ pé orúkọ ilé ni mo máa ń yẹ̀ wò kí n tó wo ògiri. Ní 1863, ọdún tí ìlú náà bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n kọ́ ọ fún òyìnbó tó ń ṣàkóso àgbègbè. Ọ́fíìsì ni ìwé ìjọba pè é. Àwa Yorùbá ń pe irú òyìnbó bẹ́ẹ̀ ní ajẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ náà sì ti wà kó tó dé: ẹni tí Ọ̀yọ́, àti Ìbàdàn lẹ́yìn náà, fi ń ṣọ́ ìlú tó wà lábẹ́ wọn ni. Ẹni tó kọ́kọ́ fi pe òyìnbó mọ ohun tó ń sọ o!

Ajẹ́lẹ̀ tó ń pàṣẹ náà ló ń dájọ́. Tẹ́lẹ̀, ẹjọ́ kò ní ilé tirẹ̀. Àdúgbò mẹ́jọ ló wà ní Àgbádárìgì, tòun ti ìjòyè wọn. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ àgbà ni a ti ń gbọ́ ẹjọ́, ẹni tó ń kọjá lè yà kó dá sí i. Òyìnbó gbé e wọnú yàrá, ó fi tábìlì sáàárín, ó fi akọ̀wé àti ògbufọ̀ tì í. Ará Ògù á rojọ́ ní èdè rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni yóò wọ ìwé. Lójú tèmi, ìyípadà yìí ju ti pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lọ.

Láti 2002 tó ti di mùsíọ̀mù, òwò ẹrú ló gba iwájú níbẹ̀. Ìtàn tó yẹ ká sọ ni, n kò jiyàn. Àmọ́ àlejò á rí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, á sì rò pé ilé ẹrú ló wọ̀, nígbà tó jẹ́ pé ó ti ju àádọ́ta ọdún lọ tí Gẹ̀ẹ́sì fòfin de òwò náà kí wọ́n tó kọ́ ilé yìí. Ilé náà fúnra rẹ̀ ni ẹ̀rí ohun tó tẹ̀lé e. Ẹ ya yàrá kan sọ́tọ̀ fún ajẹ́lẹ̀ àti ògbufọ̀ rẹ̀.

Wọ́n wó ilé ẹjọ́ àtijọ́ ní Tinúbú l'Ékòó, wọ́n fi omi atú-sókè síbẹ̀ fún òmìnira 1960. Ti Igbóṣẹ̀rẹ̀ jóná ní oṣù kẹwàá 2020, tòun ti fáìlì. Ti Àgbádárìgì ṣì dúró. N óò tún lọ, n óò sì mú ẹni tó gbọ́ Ògù dáadáa dání, torí mo fẹ́ mọ orúkọ tí àwọn onílùú ń pe ilé náà kó tó di mùsíọ̀mù.