Ta Ló Ni Yorùbá Ìjìnlẹ̀? Èdè Sinimá Àtijọ́ Lẹ́nu Àwọn Olólùfẹ́ Rẹ̀ ní Kútọnú

Bí ọ̀rọ̀ bá kan fíìmù Yorùbá ní Kútọnú, kì í pẹ́ kí ẹnìkan tó sọ pé ti àtijọ́ ló dára jù. Bí a bá bi í pé kí ló dára níbẹ̀, èdè ni yóò kọ́kọ́ dárúkọ, kì í ṣe ìtàn tàbí àwòrán. Yóò ní Yorùbá ìjìnlẹ̀ ni Ògúndé, Dúró Ládípọ̀ àti Adé Love ń sọ, pé àdàlù ni ti òde òní. Ẹni tó ń sọ bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ ọmọ Pobè, ọmọ Sakété, ọmọ Kétu tàbí ọmọ Ṣábẹ̀ẹ́, tí ó ní ẹ̀ka-èdè tirẹ̀ tí ó ń sọ nílé. Ìyìn náà sì máa ń ní ìparí kan tí a kì í fi bẹ́ẹ̀ fetí sí: pé tiwa níhìn-ín kì í ṣe Yorùbá gidi. Ìparí yẹn ni àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ yẹ̀ wò. Èrò wa ni pé ìfẹ́ tí àwọn èèyàn wọ̀nyí ní sí fíìmù náà tọ́, ṣùgbọ́n ìdí tí wọ́n ń fún un kò bá ohun tó wà nínú fíìmù náà mu.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ dárúkọ àwọn fíìmù tí à ń sọ. Àjàní Ògún, tí Ọlá Balógun ṣe ní 1976, ni a máa ń kà sí fíìmù gígùn àkọ́kọ́ ní èdè Yorùbá. Ọ̀gbẹ́ni Balógun yìí kọ́ iṣẹ́ sinimá ní Paris, ó sì ti ṣe Amadi ní èdè Ìgbò ní 1975 kí ó tó wá sí Yorùbá. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Aiye ti Hubert Ògúndé dé ní 1979, Jaiyesimi ní 1980, Kádàrá ti Adé Love ní 1980 bákan náà, àti Ọ̀run Móoru ti Baba Sálà ní 1982. Nígbà tí fídíò gba ipò sinimá, Túndé Kèlání gbé Ti Olúwa Ni Ilẹ̀ jáde ní 1993, Ó Le Kú ní 1997 àti Ṣaworoidẹ ní 1999. Ojú ọ̀nà Sèmè ni àwọn tó wá ní kásẹ́ẹ̀tì àti díìsì gbà dé ọjà Dantokpa àti àwọn ilé wa. Lónìí, orí fóònù ni ọ̀pọ̀ ti ń wò wọ́n. Ilẹ̀ Benin pẹ̀lú ní sinimá tirẹ̀ nígbà náà. Pascal Abikanlou ṣe Sous le signe du vaudou ní 1974, François Okioh sì ṣe Ironu ní 1985, fíìmù tí gbogbo ẹni tó gbọ́ Yorùbá mọ ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀. Síbẹ̀, bí a bá ń sọ ti èdè, ti Nàìjíríà ni àwọn olólùfẹ́ wa fi ń ṣe òṣùwọ̀n.

Níbo wá ni àwọn òṣèré ọ̀hún ti rí èdè yìí? Òṣoṣà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ni wọ́n bí Ògúndé sí ní 1916. Ìjẹ̀ṣà ni Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Baba Sálà. Agbamu ní ilẹ̀ Ìgbómìnà ni Adéyẹmí Afọláyan, ẹni tí a mọ̀ sí Adé Love, ti wá. Òṣogbo ni Dúró Ládípọ̀ ti ṣiṣẹ́. Kò sí ẹnìkan nínú wọn tí ó lè fi ẹ̀ka-èdè ilé rẹ̀ nìkan jẹun lórí pèpéle. Ní Iléṣà, fáwẹ́lì u lè bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀-orúkọ: ulé ni wọ́n ń pe ilé, ùwé ni wọ́n ń pe ìwé. Ẹni tó fẹ́ kí ará Ìlọrin àti ará Èkó rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ kan náà ní ọ̀sẹ̀ kan náà gbọ́dọ̀ fi ulé sílẹ̀ kó gbé ilé. Eré alárìnkiri ló kọ́ wọn bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ ẹrù ló ń kó òṣèré, aṣọ àti ìlù láti ìlú dé ìlú, èdè tí kò bá yé ìlú tó kàn kò sì lè pawó níbẹ̀.

Ilé ìjọsìn àti ilé-ìwé tún kún un. Eré tí Ògúndé fi bẹ̀rẹ̀ ní 1944, ìjọ Aládúrà ni ó ṣe é fún, Bíbélì ni ó sì ti mú ìtàn rẹ̀. Bíbélì Yorùbá náà, tí gbogbo rẹ̀ parí ní 1884, jẹ́ iṣẹ́ àwọn atúmọ̀ tó fi èdè Ọ̀yọ́ ṣe ìpìlẹ̀, tí wọ́n sì gbà láti ibòmíràn. Èyí fi hàn pé Yorùbá àjùmọ̀lò ni Yorùbá sinimá àtijọ́: èdè tí àwọn atúmọ̀, àwọn olùkọ́ àti àwọn òṣèré jùmọ̀ kọ́, tí wọ́n sì tún ṣe ní ojú ọ̀nà. Ọmọ Ìjẹ̀bú àti ọmọ Ìjẹ̀ṣà kọ́ ọ gẹ́gẹ́ bí ọmọ Pobè ṣe ń kọ́ ọ. Ibi tí ọmọ Pobè dúró sí nígbà tó ń tẹ́tí sí Ògúndé kò jìnnà sí ibi tí Ògúndé fúnra rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Àkọtọ́ orúkọ àwọn fíìmù náà jẹ́ ẹ̀rí mìíràn. Ní 1974 ni ìjọba Nàìjíríà fọwọ́ sí àkọtọ́ tuntun tó ní kí a máa kọ ayé dípò aiye, kí a sì máa kọ ènìyàn dípò enia. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn náà, Ògúndé ṣì pe fíìmù rẹ̀ ní Aiye. Ní 1982, ó pe òmíràn ní Aropin N'Tenia. Bí àwọn tó kàwé lábẹ́ àkọtọ́ àtijọ́ ti ń kọ ọ́ ló fi kọ ọ́. Olólùfẹ́ tó bá rí i pé Aiye ni wọ́n kọ lè rò pé ibi tí ìjìnlẹ̀ wà nìyẹn. Ọdún tí òǹkọ̀wé jókòó sí kíláàsì nìkan ni àkọtọ́ ń fi hàn. Àwa tí a ń fi ɛ àti ɔ kọ èdè wa ní ilẹ̀ Benin yẹ kí ó tètè yé.

Ẹ jẹ́ kí a wá wo ohun tó kù lẹ́nu àwọn olólùfẹ́ gan-an, torí ohun tí ẹnu dì mú lè sọ òtítọ́ ju ohun tí ẹnu ń yìn lọ. Orúkọ ló pọ̀ jù níbẹ̀. Àwọn èèyàn kì í sọ pé Moses Ọláìyá. Baba Sálà ni. Orúkọ yìí ní ìhun kan náà pẹ̀lú èyí tí a fi ń pe aládùúgbò tó ti bímọ: bàbá, lẹ́yìn náà orúkọ ọmọ. Ẹni tó ń pè é bẹ́ẹ̀ ti sọ òṣèré di ará agboolé. Orúkọ Adé Love tilẹ̀ tún yẹ ká wò dáadáa. Ìkékúrú orúkọ Yorùbá ló ṣíwájú, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló tẹ̀ lé e. Ẹni tó ń sọ pé ìgbà àtijọ́ kò mọ àdàlù èdè, àdàlù èdè ló ń pè nígbàkúùgbà tó bá dárúkọ òṣèré tó fẹ́ràn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni pẹ̀lú àwàdà Baba Sálà. Ó ti jẹ́ olórin kí ó tó di aláwàdà. Sunny Adé kékeré wà nínú ẹgbẹ́ olórin rẹ̀. Bó ṣe ń fi etí olórin lo ohùn ọ̀rọ̀, bó ṣe ń ṣi Gẹ̀ẹ́sì sọ, bó ṣe ń so aago ńlá mọ́ ọwọ́ tí ó sì ń wo gilaasi tó ju ojú lọ, gbogbo rẹ̀ ló ń fi ẹni tó ń ṣe ju ara rẹ̀ lọ ṣẹ̀sín. Bí ẹ bá yọ àdàlù èdè kúrò níbẹ̀, ìdajì ẹ̀rín náà á lọ. Orúkọ fíìmù Ọ̀run Móoru fúnra rẹ̀ ṣe é kọ́ ní kíláàsì: mú àti ooru pàdé, fáwẹ́lì ọ̀rọ̀-ìṣe pa jẹ, ohùn òkè rẹ̀ sì gun orí fáwẹ́lì tó kù. Ọmọ Nàgó ń ṣe irú ìpajẹ bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni yìn ín fún ìjìnlẹ̀.

Ó Le Kú ṣe ohun tó tún jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwé ìtàn àròsọ Akínwùmí Ìṣọ̀lá ni, tó jáde ní 1974, kí Kèlání tó sọ ọ́ di fíìmù. Gbólóhùn odindi ni orúkọ rẹ̀: olùwà, ọ̀rọ̀-ìṣe, ọ̀rọ̀-ìṣe. Lẹ́yìn fíìmù náà, ìró àti bùbá kúkúrú tí àwọn ọmọge inú rẹ̀ wọ̀ padà sígboro, gbólóhùn náà sì di orúkọ aṣọ. A wá ń gbọ́ pé obìnrin kan rán Olekú tàbí ó wọ Olekú. Ìbéèrè fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fonọ́lọ́jì nìyí: nínú Yorùbá àjùmọ̀lò, ọ̀rọ̀-orúkọ tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú fáwẹ́lì kì í gbé ohùn òkè sórí fáwẹ́lì náà. Nígbà tí ó ti gbólóhùn yìí bá di ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀-orúkọ, ohùn wo ni àwọn aránṣọ Kútọnú ń fún un? Ta ló ń pa òfin mọ́, ta ló ń rú u? Àwọn olólùfẹ́ àti aránṣọ ló dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀, kò sí ìgbìmọ̀ kankan níbẹ̀.

Ẹnìkan lè ní a ti fo ibi tó le jù, ìyẹn ọfọ̀ inú Aiye. Ògúndé ló ṣe Ọ̀ṣẹ́túrá, awo tó ń bá àwọn àjẹ́ jà, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ níbẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ń tọ́ka sí bí wọ́n bá ní ìjìnlẹ̀. A gbà pé ó jìnlẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ tó ń ké sí i kò lè túmọ̀ rẹ̀, èyí sì fi hàn pé ìhun rẹ̀ ló ń mú wọn: gbólóhùn tó ń padà wá pẹ̀lú ìyípadà díẹ̀, àti orúkọ nǹkan tó ń dún bí iṣẹ́ tí a fẹ́ kí nǹkan náà ṣe. Pierre Verger, tó di babaláwo ní Kétu ní 1953 tí wọ́n sì sọ ọ́ ní Fátúmbí, fi irú ìdúnpọ̀ yìí hàn nínú ìwé rẹ̀ Ewé, tó jáde ní 1995. Kétu wà ní ilẹ̀ Benin. Ẹni tó ń wá ọfọ̀ kò nílò láti kọjá Sèmè kí ó tó rí i, àwọn awo tó wà níbí kò sì fi èdè Òṣoṣà pe é.

Ibì kan wà tí àwọn olólùfẹ́ ti gba àmì kíkún lọ́dọ̀ wa. Òwe àti àfiwé pọ̀ nínú Ṣaworoidẹ ju bí ó ti pọ̀ nínú ọ̀pọ̀ fíìmù tí à ń rí báyìí. Ìdí rẹ̀ kò ṣókùnkùn: Ìṣọ̀lá ló kọ ọ́, òǹkọ̀wé ni Adébáyọ̀ Fálétí tó ṣe Ọ̀pálábà nínú rẹ̀, ó sì ti ṣiṣẹ́ ní ilé tẹlifísọ̀n Ìbàdàn. Ẹni tó ń kọ èdè fún iṣẹ́ ló gbé e síwájú kámẹ́rà. Ọwọ́ iṣẹ́ ni ìyàtọ̀ náà ti wá. Bí òǹkọ̀wé tó mọṣẹ́ bá gbé irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ fún èdè Ìdáàṣà tàbí ti Ṣábẹ̀ẹ́, irú èso bẹ́ẹ̀ ni yóò so.

Ewu tó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí hàn nínú kíláàsì wa. Akẹ́kọ̀ọ́ tó gbà gbọ́ pé Yorùbá gidi wà nínú fíìmù nìkan kì í fẹ́ kí a gba ohùn òun sílẹ̀. Bí a bá ní kó fún wa ní gbólóhùn ní ẹ̀ka-èdè ilé rẹ̀, yóò tún un ṣe kí ó tó sọ ọ́, àtúnṣe yẹn sì ń pa dátà tí à ń wá. Ìyá tó gba bẹ́ẹ̀ gbọ́ kò ní kọ́ ọmọ rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ ilé. Báyìí ni ìfẹ́ sí èdè ṣe lè pa èdè, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ní ìkùnsínú sí i.

Àwọn olólùfẹ́ yìí kan náà ló sì lè ràn wá lọ́wọ́. Àgbàlagbà tó ń ròyìn Aiye fún ọmọ ọmọ rẹ̀ kì í fi ohùn Ògúndé ròyìn rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Èdè ilé ló fi ń sọ ìtàn náà. Nígbà tí ó bá kan ọ̀rọ̀ ẹnu Ọ̀ṣẹ́túrá nìkan ni yóò bọ́ sí Yorùbá pèpéle, lẹ́yìn náà yóò padà. Ojú ibi tó ti ń bọ́ síhìn-ín bọ́ sọ́hùn-ún ni iṣẹ́ wa wà. A dábàá pé kí olùkọ́ tó ní kíláàsì ẹ̀ka-èdè mú ìran kan ṣoṣo láti inú Ṣaworoidẹ, kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan sọ ọ́ ní èdè ilé rẹ̀, kí a sì gbà á sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó tún un ṣe. Kí ó tún ní kí wọ́n lọ bá àgbàlagbà kan tó fẹ́ràn sinimá àtijọ́ nílé, kí ó ròyìn fíìmù kan bó ṣe rántí rẹ̀. Kò sí ẹni tí a gbọ́dọ̀ sọ fún pé ohun tó fẹ́ràn kò dára. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kàn ṣí ẹ̀rọ rẹ̀ sílẹ̀, kí ó sì jẹ́ kí bàbá tàbí ìyá náà máa ròyìn lọ.