Akọ̀wé Ní Owó Oṣù, Òǹkọ̀wé Ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ méjì ni mo fẹ́ ká kọ́kọ́ tú palẹ̀ lónìí, kí á tó bọ́ sórí ọ̀rọ̀ owó. Ọ̀kan ni "akọ̀wé", èkejì ni "òǹkọ̀wé". Bí a bá fi ojú gírámà wò wọ́n, ọmọ ìyá ni wọ́n. Inú "kọ ìwé" ni àwọn méjèèjì ti wá. Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ "a-" ló mú akọ̀wé jáde, "òǹ-" ló sì mú òǹkọ̀wé jáde. Ẹni tó ń kọ ìwé ni ìtumọ̀ méjèèjì. Àmọ́ àwa tí à ń sọ èdè yìí ti pín ogún láàárín wọn. Akọ̀wé ni ẹni tó jókòó ní ọ́fíìsì, tó ń kọ ohun tí ọ̀gá ní kó kọ, tó sì ń gbowó nígbà tí oṣù bá parí. Òǹkọ̀wé ni ẹni tó ń kọ ohun tí inú ara rẹ̀ ní kó kọ. Láyé ìjọ́un, bí ọmọ bá kàwé tó sì ríṣẹ́, "ó ti di akọ̀wé" ni àwọn àgbà ń wí. N kò tíì gbọ́ kí ìyá kan gbàdúrà pé kí ọmọ òun di òǹkọ̀wé.

Ìdí tí mo fi gbé ọ̀rọ̀ yìí dìde ni pé àwọn kan nínú yín máa ń bi mí bóyá ó ṣeé ṣe kí ènìyàn fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀, kó gbájú mọ́ ìwé kíkọ lédè Yorùbá, kó sì máa jẹun níbẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí lámèyítọ́ ni mo ṣe fẹ́ dáhùn. Bí mo bá wo àwọn ìwé tí gbogbo wa mọ̀, mo rí i pé ibòmíràn ni oúnjẹ àwọn tó kọ wọ́n ti ń wá. Mo sì rí ohun kejì, tí a kì í sábà sọ ní kíláàsì: ibi tí oúnjẹ ti ń wá máa ń hàn nínú ìwé náà. Ẹni tó ń sanwó ni olóòtú àkọ́kọ́.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti Èkó. Ní 1929, Isaac B. Thomas, tó ni ìwé ìròyìn Akéde Èkó tó sì tún jẹ́ olóòtú rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ lẹ́tà obìnrin kan tó pe ara rẹ̀ ní Sẹ̀gilọlá, ẹlẹ́yinjú ẹgẹ́ tó fi ìgbà èwe jayé, tí àìsàn wá dá gúnlẹ̀ sí. Thomas fúnra rẹ̀ ló ń kọ ọ́. Ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ ni lẹ́tà ń jáde títí wọ 1930, kí wọ́n tó kó o pọ̀ di ìwé ní ọdún náà. Ẹni tó bá kà á lóde òní lè ráhùn pé Sẹ̀gilọlá ń pẹ́ ọ̀rọ̀ sọ, pé ó máa ń ṣèlérí ìtàn kan, kó tún yà gba ibòmíràn lọ. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ẹni tó ń ta ìwé ìròyìn ló ń kọ ìtàn. Bó bá sọ gbogbo rẹ̀ tán lọ́sẹ̀ yìí, kí ni yóò mú ènìyàn padà wá rà á lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀? Yíyà tó ń yà yẹn, ọgbọ́n ọjà ni, ó sì tún di ọgbọ́n ìtàn, nítorí pé ó jẹ́ kí a máa gbọ́ ohùn obìnrin náà bí ẹni tó jókòó tì wá. Thomas rí oúnjẹ nínú ìwé kíkọ lóòótọ́, àmọ́ òun náà ló ni ìsọ̀ tí wọ́n ti ń tà á.

Ẹ wá wo D. O. Fágúnwà. Olùkọ́ ni nígbà tí Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde ní 1938. Ìtàn-àròsọ márùn-ún ló kọ, èyí tó kẹ́yìn, Àdììtú Olódùmarè, jáde ní 1961. Ìwé rẹ̀ wọ gbogbo ilé-ìwé wa. Síbẹ̀, iṣẹ́ oṣù ló ń ṣe: ó ṣe olùkọ́, ó ṣiṣẹ́ lábẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn nídìí ìtẹ̀wé, ó sì jẹ́ aṣojú ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé Heinemann títí ó fi kú ní 1963. Bí ti Fágúnwà bá rí báyìí, ti ta ni kò ní rí bẹ́ẹ̀?

Ẹ rántí bí Ògbójú Ọdẹ ṣe bẹ̀rẹ̀. Bàbá arúgbó kan yọ sí ẹni tó ń bá wa sọ̀rọ̀, ó ní kó mú ohun ìkọ̀wé rẹ̀, kó kọ ìtàn tí òun fẹ́ sọ sílẹ̀. Àkàrà-Oògùn ń sọ, ẹnìkejì ń kọ. Ilẹ̀ ń mọ́, ilẹ̀ ń ṣú, èrò tó ń wá gbọ́ ìtàn sì ń pọ̀ sí i. Ọ̀pọ̀ ìgbà la ti kọ́ ọmọ wa pé ọgbọ́n ìsọ̀tàn lèyí, pé ó so ìwé mọ́ àlọ́. Òótọ́ ni. Àmọ́ mo fẹ́ ká fi èyí kún un: akọ̀wé ni ẹni tó ń kọ ìtàn yìí, ohun tí ẹlòmíràn ní kó kọ ló ń kọ. Akọ̀wé tí kò ní owó oṣù ni. Iṣẹ́ ni wọ́n rán an, ire ọmọ aráyé ni wọ́n fi lọ̀ ọ́. Òǹkọ̀wé Yorùbá kan kò tíì ṣàpèjúwe ipò ara rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ ṣe kedere.

Nínú ìwé kan náà, nígbà tí àwọn ọdẹ dé Òkè Lángbòdó, ọjọ́ méje ni wọ́n lò lọ́dọ̀ Ìrágbèjé, tó ń kọ́ wọn lọ́gbọ́n lójoojúmọ́. Àwa lámèyítọ́ máa ń sọ pé ìwàásù ibẹ̀ ti pọ̀ jù. Ta ló ń ra ìwé Yorùbá nígbà náà? Ilé-ìwé ni. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn sì bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ ní 1955, ọjà yẹn tún fẹ̀ sí i. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó fi Aláwìíyé J. F. Ọdúnjọ kọ́ ìwé kíkà. N kò sọ pé nítorí owó ni Fágúnwà ṣe ń wàásù. Onígbàgbọ́ ni, olùkọ́ sì ni, ohun tó wà nínú rẹ̀ ló sọ. Ohun tí mò ń sọ ni pé oníbàárà kan wà lẹ́nu ọ̀nà tó fẹ́ràn ìwàásù, òǹkọ̀wé tí kò bá sì lè wàásù kò ní rí ẹni bá a ra tirẹ̀.

Ilé-ìwé ṣì ni oníbàárà náà títí dòní. Bí wọ́n bá fi ìwé kan sínú àkójọ ìdánwò, ó tà. Bí wọn kò bá fi sí i, ó di ohun tí eruku ń bò. Ìdí nìyẹn tí ìdánrawò fi ń wà ní ẹ̀yìn ìwé ìtàn, tí àwọn olólùfẹ́ kì í fi í ju kí wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú lọ, tí ọ̀daràn fi gbọ́dọ̀ jìyà kí ìwé tó parí. Ìtàn fún àgbàlagbà ṣọ̀wọ́n lédè wa nítorí pé àgbàlagbà kọ́ ló ń rà á. Oníbàárà kan ṣoṣo sì léwu. Ní November 2025, ìjọba àpapọ̀ kéde pé àwọn ti fagi lé ìlànà 2022 tó ní kí a máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn bá wọn jà lórí ọ̀rọ̀ èdè, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Díẹ̀ ló rántí pé ọjà òǹkọ̀wé náà ló ń mì yẹn.

Àwọn tó ní owó oṣù níbòmíràn lè fojú di oníbàárà yìí díẹ̀. Akínwùmí Ìṣọ̀lá ń kọ́ni ní yunifásítì. Ó Le Kú rẹ̀ (1974) gbé ìfẹ́ àwọn ọmọ yunifásítì kalẹ̀ bó ṣe rí, Àjàní láàárín obìnrin mẹ́ta, kò sì jókòó wàásù fún ẹnikẹ́ni. Ọládẹ̀jọ Òkédìjí, tí òun náà jẹ́ olùkọ́, gbé Lápàdé tó ti ṣiṣẹ́ ọlọ́pàá rí wá fún wa nínú Àjà Ló Lẹrù (1969), ọmọ jayéjayé tí olórí ilé-ìwé kankan kò ní fi ṣe àpẹẹrẹ ìwà rere. Owó oṣù ló ra òmìnira yẹn. Àmọ́ owó oṣù náà ń gba tirẹ̀ padà: alẹ́ àti ọlidé ló ń kù fún ìwé kíkọ.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ká ní ìwé rẹ ń lọ ní ₦3,000, ká sì ní ilé ìtẹ̀wé fún ọ ní ìdá mẹ́wàá, ìyẹn ₦300 lórí ẹyọ kan. Bó bá ta ẹgbẹ̀rún kan, ₦300,000 ni. Bó bá sì jẹ́ pé ọdún méjì lo fi kọ ọ́, ₦12,500 lo gbà lóṣù. Owó oṣù tó kéré jù tí òfin Nàìjíríà fọwọ́ sí láti 2024 jẹ́ ₦70,000. Kí òǹkọ̀wé tó lè gba iye yẹn lóṣù, ìwé rẹ̀ gbọ́dọ̀ ta 2,800 lọ́dọọdún, láìsinmi. Bí o bá sì ní o máa tẹ̀ ẹ́ fúnra rẹ, owó atẹ̀wé á ti jáde lápò rẹ kí ẹnikẹ́ni tó ra ẹyọ kan, alátùntà á gba tirẹ̀, owó ọkọ̀ á gba tirẹ̀.

Èyí tó kan iṣẹ́ tèmi gan-an ni àmì ohùn. "Ọkọ" ìyàwó, "ọkọ́" tí à ń fi roko, "ọkọ̀" tí à ń wọ̀: àmì ló yà wọ́n. Ẹni tó ń kọ Gẹ̀ẹ́sì kò ná kọ́bọ̀ lórí èyí. Òǹkọ̀wé Yorùbá ní láti wá ẹni tó mọ àmì í fi sí i, kó sì tún wá ẹni tó máa yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn tí atẹ̀wé bá tò ó tán, torí kọ̀ǹpútà wọn lè gbé àmì sọnù. Bí owó bá fẹ́ tán, ibẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń gé. Nítorí náà, bí ẹ bá rí ìwé tí kò lámì, ẹ má tètè sọ pé òǹkọ̀wé kò mọ èdè. Ó lè jẹ́ owó ni kò ká a.

Àbí àwa Yorùbá kì í sanwó fún ọ̀rọ̀ ni? Irọ́ ni o. Oníjàlá, onírárà àti onílù kì í kúrò lóde àríyá lọ́wọ́ òfo. Ẹni tí wọ́n kì ń ná wọn lówó lójúkorojú. Ìwé ló gé okùn yẹn: ẹni tó ń gbádùn ọ̀rọ̀ wà nínú yàrá rẹ̀, ẹni tó kọ ọ́ kò sí níbẹ̀. Àwọn akéwì bí Lánrewájú Adépọ̀jù àti Túbọ̀sún Ọládàpọ̀ tún okùn náà so pẹ̀lú rédíò àti rẹ́kọ́ọ̀dù. Ọládàpọ̀ tilẹ̀ dá ilé-iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù tirẹ̀ sílẹ̀. Túndé Kèlání sọ Kòṣeégbé (1995) àti Ó Le Kú (1997) ti Ìṣọ̀lá di fíìmù, àìmọye ẹni tí kò ṣí ìwé náà rí ló sì mọ Àjàní. Owó wà nínú ọ̀rọ̀ Yorùbá. Orí tákàdá ni kì í pọ̀ sí.

Kí ni mo wá fẹ́ kí ẹ ṣe? Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe lámèyítọ́, ẹ máa béèrè nípa ìwé tí ẹ bá ń yẹ̀ wò pé: ta ló sanwó rẹ̀, ta ni wọ́n fẹ́ kó rà á? Ìbéèrè yẹn kò ní sọ ìwé burúkú di rere. Àmọ́ yóò jẹ́ kí á mọ èyí tó jẹ́ àìmọṣẹ́ òǹkọ̀wé, kí á sì mọ èyí tó jẹ́ ọwọ́ oníbàárà.

Ẹ̀yin tí ẹ ti di olùkọ́, tiyín le díẹ̀. Bí ẹ bá ra ẹyọ kan tí ẹ sì fi ẹ̀rọ ṣe ogójì ẹ̀dà fún kíláàsì, ₦12,000 ni nínú ìṣirò wa òkè yẹn tí kò dé ọwọ́ òǹkọ̀wé. Èyí tó ń lọ láti fóònù dé fóònù lórí WhatsApp kò tilẹ̀ ṣeé kà. Mo mọ̀ pé àwọn òbí kò lówó lọ́wọ́, mo sì mọ̀ pé ìfẹ́ èdè ló ń mú yín ṣe é. Ṣùgbọ́n òfin ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé wà nílẹ̀, wọ́n sì tún un ṣe ní 2022. Ká má fi ọwọ́ ọ̀tún gbé èdè ga, ká fi tòsì gba oúnjẹ lẹ́nu ẹni tó ń kọ ọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kọ̀wé, ẹ má tíì fi iṣẹ́ yín sílẹ̀. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ẹ wá iṣẹ́ tí kò ní jẹ gbogbo orí yín tán lójúmọ́, kí èyí tó kù lè kọ̀wé. Kí ẹ tó fọwọ́ sí àdéhùn, ẹ jẹ́ kí lọ́yà kà á, kí ẹ sì ya ẹ̀tọ́ fíìmù, ti rédíò àti ti ìtumọ̀ sí èdè mìíràn sọ́tọ̀. Ibẹ̀ ni owó lè gbà yọ lọ́jọ́ kan. Lẹ́yìn náà, bí owó oṣù bá ti ń bọ́ yín, ẹ kọ ìwé tí ilé-ìwé kò ní rà. Ìwé àgbàlagbà. Èyí gan-an ló wọ́n wa jù, ẹni tí kò retí owó ìwé ló sì lè kọ ọ́ láìbẹ̀rù.

Ó dìgbà kan ná.