Ọ̀ta àti Òpè: Ojú tí Ìwé Ìròyìn fi Wo Iṣẹ́ Túndé Ọnàkọ̀yà

Ìtàn Túndé Ọnàkọ̀yà ti di mímọ̀ fún tolórí-tẹlẹ́mù. Ọmọ Ìkòròdú ni, ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ni ó ti kọ́ ṣẹ́ẹ̀sì. Ní 2018 ó dá Chess in Slums Africa sílẹ̀. Ó kọ́ àwọn ọmọ Májídùn àti Mákòkó, ó sì jókòó ti àwọn ọ̀dọ́ abẹ́ afárá Òṣòdì. Ní oṣù Igbe 2024, òun àti Shawn Martinez ará Amẹ́ríkà ta ṣẹ́ẹ̀sì fún 60 wákàtí ní New York láti fi wá owó ẹ̀kọ́ fún àwọn ọmọdé. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Àlébù ìròyìn náà wà lára ọmọ tí ó yàn láti rí.

Nínú ayò, ẹni tó mọ̀ ọ́n ta ni ọ̀ta, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ta ni òpè. Ọ̀ta nìkan ni ìwé ìròyìn ń rí. Ọmọ tó gba ife-ẹ̀yẹ ni wọ́n ń ya àwòrán rẹ̀, wọ́n á ní ọpọlọ rẹ̀ pé, bí ẹni pé ọpọlọ pípé yẹn ni ó sọ ọ́ di ẹni tó yẹ kí á rán lọ sí ilé-ìwé. Èrò tó léwu ni èyí. Bí agbèrò bá ní láti borí kí ìlú tó gbà pé ènìyàn ni, kí ni ti ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó fìdí rẹmi lọ́jọ́ náà? Ọmọ olówó kì í ta nǹkan kan kí ó tó wọ ilé-ìwé.

Ìdí ọpọ́n ayò gbọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n ń fi òpè ṣe yẹ̀yẹ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í lé e. Ó ń wòran títí yóò fi mọ̀ ọ́n ta. Irú àyè bẹ́ẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀. (Ẹni tó bá ń jiyàn pé ṣẹ́ẹ̀sì kì í ṣe eré ìdárayá, ìgbìmọ̀ Òlíḿpíìkì àgbáyé ti dá a lóhùn láti 1999.) Eré ni ó ń mú ọ̀dọ́ jókòó, owó ilé-ìwé tí ẹgbẹ́ náà ń wá káàkiri ni ó ń gbé e dìde.

Ẹni tó bá fẹ́ gbé irú iṣẹ́ yìí dé Ìdànrè, láàárín àwọn ọ̀dọ́ alágbàṣe oko kòkó àti àwọn ọlọ́kadà, kò ní láti dúró de ṣẹ́ẹ̀sì. Ọpọ́n ayò wà nílẹ̀. Èyí tó ṣòro ni owó ilé-ìwé, àti àgbà tí yóò padà wá lọ́sẹ̀ kejì bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ borí.